Òwú Tó Wà Lókè

Màmá Ojúọlápé ṣẹ̀ṣẹ̀ ń sọ bí wọ́n ṣe gbẹ́ kànga Ìdí-Ìyeyè ni iná lọ.

Kì í ṣe àsìkò tó yẹ kí ó lọ. Agogo kan ọ̀sán ni, iná Àgbède, níbi tí a wà, kì í kúrò títí di agogo mẹ́ta, nígbà tó máa ń kọjá sí Ìdí-Ayùnrẹ́. Àdúgbò mẹ́ta ló ń pín iná ìlú wa, wákàtí mẹ́rin mẹ́rin, ọmọ ọdún márùn-ún sì lè ka ìyípo rẹ̀ fún ọ lórí. Ṣùgbọ́n ìjì kan ti jà ní Pápá Oòrùn, ibi tí iná wa ti ń wá, ó ti já nǹkan, iná sì lọ láìdágbére fún ẹnikẹ́ni.

Èmi kò tilẹ̀ mira. Kí ni mo fẹ́ mira sí? Bátìrì mẹ́rìnlélógún ló wà lábẹ́ kọ̀ǹpútà Ilé Ohùn, níbi tí ìlú ń kó ẹ̀rí ẹnu pamọ́ sí, èmi àti ọ̀gá mi ni olùtọ́jú wọn. Iṣẹ́ wọn kò ju ẹyọ kan lọ: bí iná bá ṣèèṣì lọ, kí wọ́n gbé kọ̀ǹpútà dúró fún ìṣẹ́jú méjìlá, kí ó rí àyè kó ohun tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ pamọ́, kí ó ti àwọn dúrọ́ọ̀ ohùn inú rẹ̀ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, kí ó sì sùn jẹ́jẹ́. Mo rẹ́rìn-ín sí màmá àgbà náà.

Mo ní, “Ẹ máa wí lọ, Màmá. Ó ń gbọ́ yín.”

Màmá na ìka sí ẹ̀yìn mi. “Ṣé ó dá ọ lójú? Ojú rẹ̀ ti dúdú.”

Mo bojú wẹ̀yìn. Ojú kọ̀ǹpútà ti dúdú lóòótọ́. Kì í ṣe dúdú ti oorun, tí iná kékeré kan máa ń mí ní igun rẹ̀. Dúdú pátápátá ni. Bátìrì mẹ́rìnlélógún kò lè gbé e débi tí ènìyàn á fi sín lẹ́ẹ̀mejì.

Mo sáré sí ìdí àpótí bátìrì, mo bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, mo sì rí i pé iná wínníwínní aláwọ̀ ewé tó wà lára wọn ṣì ń tàn. Ó kún, ó kún, ó kún. Gbogbo wọn ló ń sọ fún mi pé àwọn ti yó bámúbámú. Mo ti gbọ́ irọ́ rí láyé mi, ṣùgbọ́n n kò tíì rí mẹ́rìnlélógún tí wọ́n ń pa á pọ̀ bẹ́ẹ̀.

Nígbà tí iná padà dé ní agogo méjì, kọ̀ǹpútà jí, ó sì ṣí gbogbo dúrọ́ọ̀ rẹ̀ àfi ọ̀kan. Dúrọ́ọ̀ àwọn òkú Àgbède ni, èyí tí mo ṣí sílẹ̀ fún Màmá Ojúọlápé kí ó lè gbọ́ ẹ̀rí ọkọ rẹ̀ kí ó tó sọ tirẹ̀. Ohùn mọ́kànlélógójì. A pè é títí, kò dáhùn.

Màmá bi wá pé, “Ṣé ẹ ò ní ẹ̀dà rẹ̀ níbì kan ni?”

Gbogbo wa wò ó bí ìgbà tó bú ọba. Ìyáàfin Fọlárànmí, alákòóso Ilé Ohùn, ló rọra dá a lóhùn. Wọ́n ti sáré dé láti ilé pẹ̀lú bàtà inú ilé lẹ́sẹ̀.

“Màmá, ẹ̀dà kì í jẹ́rìí.”

Òfin àkọ́kọ́ nìyẹn. Láti ọjọ́ tí ẹ̀rọ ti kọ́ bí a ṣe ń fi ẹnu ẹlòmíràn sọ̀rọ̀, kò sí ilé ẹjọ́ tó tún gba ohùn kankan gbọ́, àfi èyí tí a gbà lójú ẹlẹ́rìí nínú Ilé Ohùn, tí kò sì jáde kúrò nínú kọ̀ǹpútà yẹn rí. Ohùn tí a bá ti ṣe ẹ̀dà rẹ̀ ti bàjẹ́ nìyẹn. Ẹni tó bá ṣe é, ẹ má jẹ̀ẹ́ ká sọ ohun tí wọ́n ń fi ojú rẹ̀ rí.

Bàbá mi wà nínú dúrọ́ọ̀ yẹn. Lẹ́ẹ̀kan lọ́dún, ní àyájọ́ ọjọ́ tí wọ́n kú, òfin gbà mí láàyè kí n jókòó síwájú kọ̀ǹpútà kí n gbọ́ wọn. Wọ́n á ka ààlà oko wa láti ìdí ọsàn dé etí odò, wọ́n á wúkọ́, wọ́n á wá bi ẹni tó ń gba ohùn wọn sílẹ̀ pé, “Ṣé ó ti tó?” Ààlà oko kò kàn mí. Nítorí “ṣé ó ti tó” yẹn ni mo ṣe ń lọ.

Ìyáàfin Fọlárànmí kúnlẹ̀ ti àpótí bátìrì. Wọ́n tú ìdérí ọ̀kan, wọ́n sì wo inú rẹ̀. Ìwé tó wà lára rẹ̀ tuntun, ṣùgbọ́n ikùn bátìrì náà ti wú, omi rẹ̀ sì ti yọ lẹ́nu bí itọ́ ẹni tó sùn. Bátìrì tí a ti kó dànù lọ́dún mẹ́rin sẹ́yìn ni, tí wọ́n kàn wọ aṣọ tuntun fún. Wọ́n wá fi ìka kan gbé òwú tó wà lọ́rùn rẹ̀ sókè. Òwú méjì ni. Aláró wà nísàlẹ̀, aláwọ̀ ọsàn wà lókè.

“Ta ló ni òwú tó wà lókè yìí?”

“Èmi ni, mà.”

“Ṣé o gbé pátákó gílóòbù sí i lọ́jọ́rú?”

Mo wo ọ̀gá mi. Ọ̀gá Oyèkànmí dúró ní ẹ̀gbẹ́ fèrèsé, fìlà wọn wà lórí gẹ́gẹ́ bó ṣe máa ń wà, ọkùnrin tó kọ́ mi níṣẹ́ fún ọdún mẹ́sàn-án, tí mo ń bá jẹun láwo kan náà. Ibi tó yẹ kí wọ́n ti sọ̀rọ̀ nìyí. “Èmi ni mo dán an wò.” Kò jù bẹ́ẹ̀ lọ. Mo dúró dè wọ́n.

Wọ́n ṣí fìlà. Wọ́n wo bàtà wọn. Wọ́n ní, “Ọmọdé ni, Alákòóso. Ó gbìyànjú. Ẹ ṣàánú rẹ̀.”

Ẹ wá wo òmùgọ̀: mo fi ojú dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn. Mo rò pé ẹ̀bẹ̀ ni wọ́n ń bá mi bẹ̀.

Ìyáàfin Fọlárànmí dìde. Inú wọn kò dùn sí ohun tí wọ́n fẹ́ sọ, mo rí i lójú wọn, ṣùgbọ́n òfin kì í wo ojú. “Òwú tó wà lókè ló ń dáhùn, Fadérera. Lọ́la, ní agogo mẹ́wàá, a ó yọ ohùn rẹ kúrò nínú gbogbo ẹ̀rọ fún ọdún méje. Àfi bí o bá ní ẹ̀rí tó ju òwú lọ. Kó pátákó rẹ àti àwọn wáyà rẹ wá bí o bá ń bọ̀.”

* * *

Báyìí ni a ṣe ń dán bátìrì wò láti ìgbà tí mo ti wọ iṣẹ́. Gbogbo Ọjọ́rú, a ó gbé pátákó tí gílóòbù méjìlá wà lára rẹ̀, a ó so wáyà rẹ̀ mọ́ bátìrì, a ó sì jáde sí ẹnu ọ̀nà kígbe pé, “Ẹlẹ́rìí dà o? Ẹ wá bá mi wò ó!” Ẹni méjì tó bá kọ́kọ́ dé ni ẹlẹ́rìí, ì báà ṣe ìjòyè, ì báà ṣe alágbàro. Gílóòbù á tàn fún ìṣẹ́jú méjìlá. Iná wínníwínní ara bátìrì lè purọ́, torí bátìrì tó ti gbó lè kún lójú lásán, kí ó má lágbára kankan nínú. Gílóòbù kì í purọ́. Bí ọ̀kankan kò bá ṣẹ́jú, ẹni tó dán an wò á so òwú rẹ̀ mọ́ ọn.

Èmi àti ọ̀gá mi máa ń pín in ṣe, Ọjọ́rú yìí tèmi, Ọjọ́rú tó ń bọ̀ tiwọn. Lọ́sẹ̀ mọ́kànlá sẹ́yìn ni wọ́n pè mí jókòó. Wọ́n ní, “Fadérera, ọmọ mi, o ti dàgbà nínú iṣẹ́ yìí. Èmi tí oorun kì í pẹ́ lójú mi mọ́, màá máa wá ní kùtùkùtù dán wọn wò, màá so tèmi. Bí o bá dé, so tìrẹ lé e. Ó yẹ kí ayé máa rí òwú rẹ lókè.”

Inú mi dùn débi pé n kò lè jẹun. Mo sáré lọ sọ fún ìyá mi. Ìyá mi bú sẹ́kún ayọ̀, wọ́n sì se ìrẹsì pín kiri àdúgbò. Mo ṣì rántí ẹni tó ní ata rẹ̀ pọ̀ jù.

Ó sì wá di pé n kò dán bátìrì kankan wò fún ọ̀sẹ̀ mọ́kànlá. A kì í gbé pátákó sí abẹ́ òwú àgbà. Kò sí nínú ìwé òfin, inú ara wa ló wà. Ẹni tó bá ṣe é ti pe àgbà náà ní òpùrọ́ ní gbangba, bí ìgbà tí ìyàwó bá tún àwo tí ìyá ọkọ rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ fọ̀ fọ̀ lójú rẹ̀ ni. Ta ló tọ́ mi dàgbà tí màá fi ṣe bẹ́ẹ̀? Mo kàn ń so òwú mi ni, mo sì ń lọ.

Bí mo ṣe kúrò ní Ilé Ohùn lọ́sàn-án ọjọ́ náà, ìdí ẹ̀rọ omi ni mo ti pàdé Láṣìpọ̀. Láṣìpọ̀ ti jẹ́ aláìlóhùn láti ọdún mẹ́ta. Ó ń sọ̀rọ̀ o, ẹnu rẹ̀ pé, ṣùgbọ́n kò sí ẹ̀rọ kankan tó mọ̀ ọ́n mọ́. Ilẹ̀kùn kì í ṣí fún un, ọkọ̀ kì í gbé e, kò lè jẹ́rìí, kò lè dúró fún ọmọ rẹ̀ lọ́jọ́ ìgbéyàwó. Ó gbé korobá rẹ̀ síwájú ẹ̀rọ omi, ó ń dúró de ẹni tó máa bá a pè é.

“Ẹ jọ̀ọ́,” ló wí.

Mo ní, “Omi.” Ẹ̀rọ gbọ́ ohùn mi, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í tú omi. Mo rò ó pé lọ́la, ní déédéé àkókò yìí, èmi náà á gbé korobá dúró síbí.

Láṣìpọ̀ wò mí. “Mo gbọ́ ohun tó ṣẹlẹ̀. Wọ́n ní òwú tìrẹ ló wà lókè.”

“Bẹ́ẹ̀ ni.”

“Ta ló wà lábẹ́?”

Mo la ẹnu láti pe orúkọ ọ̀gá mi, ìgbà náà ni ẹ̀bẹ̀ wọn tó yé mi. A kì í bẹ̀bẹ̀ fún ẹni tí kò ṣẹ̀. Ẹni tó bá bẹ̀bẹ̀ fún mi lójú alákòóso ti dá mi lẹ́bi ná, kí ó tó bẹ̀. Mo tún un rò láti ìbẹ̀rẹ̀, láti orí ìrẹsì ìyá mi títí dé orí fìlà tí wọ́n ṣí. Omi kún korobá Láṣìpọ̀, ó ń dà sílẹ̀, n kò rántí sọ fún ẹ̀rọ pé kó dúró.

* * *

Agogo márùn-ún ìrọ̀lẹ́ ni mo dé Òkè-Ata. Iná wọn ti lọ láti agogo mọ́kànlá àárọ̀, kò sì ní padà di agogo méje, nítorí náà ìta ni gbogbo wọn wà. Lájídé onígbàjámọ̀ jókòó lẹ́nu ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, ọkùnrin kan sì wà lórí àga níwájú rẹ̀, tí ìdajì orí rẹ̀ dán, tí ìdajì kejì kún fún irun. Iná ti bọ́ mọ́ wọn lọ́wọ́ ní àárọ̀, ọkùnrin náà sì kọ̀ kí wọ́n fi abẹ kàn án. Ó ti jókòó síbẹ̀ fún wákàtí mẹ́fà, ó ń kí gbogbo ẹni tó ń kọjá bí ẹni pé kò sí nǹkan kan.

Mo gba ẹ̀yìnkùlé wọ ilé ọ̀gá mi, bí mo ṣe máa ń ṣe. Pátákó mi wà léjìká mi nínú àpò rẹ̀. Mo fẹ́ bèèrè ìbéèrè kan péré. Lọ́kàn mi lọ́hùn-ún, mo ṣì ń bẹ Ọlọ́run pé kí wọ́n rí èsì kan fún un tí màá lè gbà.

Nǹkan kan ń kùn nínú yàrá ẹ̀yìn. Mo mọ ìró yẹn. Ìró kọ̀ǹpútà tó ń ṣiṣẹ́ ni, nínú ilé tí kò sí iná, ní àdúgbò tí kò sí iná. Mo ṣí ilẹ̀kùn.

Bátìrì mẹ́rìnlélógún wà nílẹ̀, wọ́n tò wọ́n dáadáa, aṣọ mímọ́ wà lábẹ́ wọn. Ní igun ọ̀kọ̀ọ̀kan ni àmì kékeré tí èmi fúnra mi fi ìṣó fà lọ́jọ́ tí wọ́n dé Ilé Ohùn. Wáyà jáde láti ara wọn lọ sínú kọ̀ǹpútà kan lórí tábìlì. Mi ò sì tíì mí tán tí kọ̀ǹpútà náà fi sọ̀rọ̀.

“Ta nìyẹn? Dérera? Ẹsẹ̀ rẹ nìyẹn, mo mọ bí o ṣe ń wọ́ bàtà.”

Morádéyọ̀ ni. Morádéyọ̀ ọmọ ọ̀gá mi, ọ̀rẹ́ mi, tí a jọ kọ́ṣẹ́, tí ibà pa lọ́dún méjì sẹ́yìn, tí mo bá wọn da yẹ̀pẹ̀ lé lórí. Nígbà tí a wà lẹ́nu ẹ̀kọ́ṣẹ́, bí mo bá kígbe “Ẹlẹ́rìí dà o?” òun ló máa ń kọ́kọ́ dáhùn, láti ibikíbi tó bá wà, àní bí ó bá wà nílé ìwẹ̀. Mo di ògiri mú.

“Má dá a lóhùn.” Ọ̀gá Oyèkànmí wà lẹ́yìn mi, wọ́n gbé abọ́ omi dání. Wọ́n tẹ bọ́tìnnì kan, ohùn náà sì dákẹ́, ṣùgbọ́n kọ̀ǹpútà ń kùn lọ. “Bí o bá ti dá a lóhùn, kò ní fẹ́ kí o lọ mọ́.”

Mo kúnlẹ̀ kí wọn. Ẹ̀kọ́ ilé burú! Èmi tí mo wá bá wọn jà, orúnkún mi ló kọ́kọ́ débẹ̀.

“Ọ̀gá, ẹ kú ìrọ̀lẹ́.”

“Dìde, ọmọ mi.”

N kò dìde. Mo ní, “Ẹ̀dà rẹ̀ lẹ ṣe.”

“Ẹ̀dà rẹ̀ ni mo ṣe. Mo mú ohùn rẹ̀ nínú dúrọ́ọ̀ Ilé Ohùn, mo fi gbogbo ohun tí mo ti gbà sílẹ̀ láti kékeré rẹ̀ kún un.” Wọ́n jókòó sórí àpótí kan. Wọ́n ti gbó sí i láàárín ọ̀sán sí ìrọ̀lẹ́. “Bátìrì àtijọ́ ni mo kọ́kọ́ fi gbé e. Lọ́jọ́ kan ni iná lọ ní àsìkò rẹ̀, bátìrì kò sì lè dì í mú, ó kú lójijì. Nígbà tó jí, ó mọ̀ mí, ó mọ ìwọ náà. Kò mọ orúkọ ìyá rẹ̀ mọ́. Fadérera, ìyá rẹ̀ jókòó síbí, ó ń sọ fún un pé èmi ni, èmi ni. Ó ní, ‘Ẹ má bínú, mà, ta ni yín?’ Kí lo fẹ́ kí n ṣe?”

Mo mọ ohun tí mo fẹ́ kí wọ́n ṣe, ṣùgbọ́n n kò sọ ọ́. Àánú wọn ṣe mí. Mo kórìíra pé àánú wọn ṣe mí.

Wọ́n ní, “Ọdún mẹ́ta gbáko ni iná ìlú yìí kò fi bọ́ láìròtẹ́lẹ̀. Kí agogo mẹ́ta tó lù la ti máa ń dá kọ̀ǹpútà Ilé Ohùn sùn. Àwọn bátìrì yìí kàn jókòó síbẹ̀ ni, wọn ò ṣe nǹkan kan fún ẹnikẹ́ni. Mo ní kò sí ohun tó máa ṣẹlẹ̀.”

“Bí ó bá jẹ́ pé ẹ mọ̀ pé kò sí ohun tó máa ṣẹlẹ̀, kí ló dé tí ẹ fi ní kí n máa so tèmi lókè?”

Wọ́n gbé abọ́ omi náà sílẹ̀.

“Ẹ dá mi lóhùn, ẹ jọ̀ọ́, sà. Ọ̀sẹ̀ mọ́kànlá. Mo lọ sọ fún ìyá mi pé ẹ gbé mi ga.”

“Ẹnìkan gbọ́dọ̀ wà lókè,” ni wọ́n wí, wọn ò sì wo ojú mi. “Ẹni àádọ́rin ọdún ni mí. Bí wọ́n bá yọ ohùn mi fún ọdún méje, aláìlóhùn ni màá kú. Ìwọ, o ṣì kéré. O ò tíì bímọ tó máa nílò kí o dúró fún un. Ọdún méje, wàá tún bẹ̀rẹ̀. Mo rò ó dáadáa kí n tó ṣe é, má rò pé mi ò rò ó.”

Ohun tó pa mí nìyẹn. Bí wọ́n bá ní àwọn ò rò ó ni, bóyá ǹ bá ti dìde lọ sílé. Ṣùgbọ́n wọ́n jókòó, wọ́n gbé mi lé òṣùwọ̀n, wọ́n rí i pé mo fúyẹ́.

Mo ní, “Bàbá mi wà nínú dúrọ́ọ̀ tó pòórá yẹn.”

“Mo mọ̀.”

Wọ́n sọ ọ́ wẹ́rẹ́ báyìí. Wọ́n mọ̀. Wọ́n wà níbẹ̀ lọ́jọ́ tí wọ́n gba ohùn bàbá mi, àwọn gan-an ni bàbá mi bi pé ṣé ó ti tó. Wọ́n mọ̀ ọ́n ní gbogbo Ọjọ́rú mọ́kànlá, wọ́n sì ń bi mí léèrè àlàáfíà ìyá mi.

Mo dìde lórí orúnkún mi nígbà náà. Mo yọ pátákó kúrò nínú àpò rẹ̀.

Ọ̀gá mi rí i, ojú wọn sì yí padà. “Kí lo fẹ́ fi ìyẹn ṣe?”

“Mo fẹ́ dán bátìrì wò, sà.”

“Nínú ilé mi? Lábẹ́ ọwọ́ mi?” Wọ́n ti dìde. “Fadérera! Èmi?”

“Ẹ̀yin náà ni, sà.”

Wọ́n di apá mi mú, ṣùgbọ́n ọwọ́ wọn kò lágbára. “Bí àwọn ènìyàn bá wọlé, wọ́n á pa á lójijì. Wọ́n á kàn já wáyà ni. Ọ̀rẹ́ rẹ ni o! Ó ń bèèrè rẹ lójoojúmọ́.”

“Ìṣẹ́jú méjìlá ni gílóòbù máa fi tàn, ẹ̀yin lẹ kọ́ mi. Kò sẹ́ni tó lè fọwọ́ kan wáyà nígbà tí ìdánwò bá ń lọ lọ́wọ́. Ẹ dá a sùn jẹ́jẹ́ láàárín rẹ̀.” Mo tú wáyà pátákó sílẹ̀. “Bàbá mi ò rí ìṣẹ́jú kan péré.”

Mo so wáyà mọ́ bátìrì. Ọwọ́ mi rántí iṣẹ́ náà ju bí mo ṣe rò lọ. Mo wá jáde sí ẹnu ọ̀nà ìta, níwájú gbogbo Òkè-Ata tí wọ́n ń fẹ́ atẹ́gùn, mo sì kígbe ohun tí n kò kígbe rẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ mọ́kànlá.

“Ẹlẹ́rìí dà o? Ẹ wá bá mi wò ó!”

Kó tó di pé ẹnikẹ́ni gbé ẹsẹ̀ níta, ohùn kan ti dáhùn láti inú ilé. Mi ò mọ̀ bóyá ọ̀gá mi ló ti tú u sílẹ̀ kí wọ́n lè bá a sọ̀rọ̀. Ó lọ sókè, ó hó fún ayọ̀, kò sí ẹni tí kò gbọ́ ọ ní ọ̀nà yẹn.

“Mo ń bọ̀! Dérera, má tíì tan gílóòbù o!”

Lájídé jẹ́ kí abẹ̀bẹ̀ rẹ̀ bọ́ sílẹ̀. Àwọn tó bá wọn sin ọmọ náà wà níbẹ̀. Ìyá kan tó ń ṣa ẹ̀wà gbé ọwọ́ lérí, ó ní, “Morádéyọ̀ kọ́ nìyẹn?” Ọkùnrin tí orí rẹ̀ pín sí méjì ló kọ́kọ́ dìde, ó fi aṣọ onígbàjámọ̀ sọ́rùn bẹ́ẹ̀, ó tẹ̀lé mi wọlé. Lájídé tẹ̀lé e.

Mo fi bátìrì mẹ́rẹ̀ẹ̀rìnlélógún hàn wọ́n, mo fi àmì ìṣó mi hàn wọ́n. Mo tan pátákó. Gílóòbù méjìlá mọ́lẹ̀ rokoṣo nínú yàrá náà, a sì rí ara wa dáadáa, gbogbo wa. Bátìrì dáadáa ni. Mo tọ́jú wọn dáadáa nígbà tí wọ́n ṣì wà lọ́wọ́ mi.

Ọ̀gá Oyèkànmí ti kúnlẹ̀ síwájú tábìlì, wọ́n gbé ẹnu sún mọ́ kọ̀ǹpútà náà, wọ́n ń ti nǹkan inú rẹ̀ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. N kò wo ojú wọn. Mo ń wo gílóòbù.

“Bàámi,” ni Morádéyọ̀ wí, ohùn rẹ̀ ti ń lọ sílẹ̀, “ta ló ń dán bátìrì wò?”

“Fadérera ni.”

“Ó dáa bẹ́ẹ̀. Òun kì í fojú fò ó.”

Omijé dà lójú mi, n kò sì nù ún, torí ẹni tó ń dán bátìrì wò kò gbọdọ̀ gbé ojú kúrò. Ìkùn kọ̀ǹpútà rọlẹ̀, ó rọlẹ̀, ó dákẹ́. Ní igun ojú rẹ̀, iná kékeré kan bẹ̀rẹ̀ sí í mí.

Ọkùnrin onírun ìdajì náà na ẹsẹ̀ rẹ̀ kan, ó wo gílóòbù méjìlá tí kò ṣẹ́jú, ó wò mí. Ó rọra wúkọ́.

“Ṣé ó ti tó?”

Ọ̀rọ̀ bàbá mi nìyẹn. Mo gbé aago ọwọ́ mi sókè sí ẹ̀gbẹ́ gílóòbù, mo sì wò ó.

“Rárá o,” ni mo wí. “Ó ku ìṣẹ́jú mẹ́ta.”